Ọwọ́ Òsì Tí Mo Kọ̀ Láti Nà

Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Aránṣọ,
Ẹ̀gbẹ́ Ojú Irin, Ifọ̀.
Oṣù Kẹjọ, 2006.

Adébánjí Àkànní ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó mi Kòfowórọlá ńkọ́, ṣé iṣẹ́ kò pọ̀ jù fún un? Olúwadárasími ọmọ ọwọ́ yín ńkọ́, ṣé eyín ti ń yọ? Mo bẹ Olúwa kó dá yín sí fún mi, kí wàhálà Èkó má gbé yín mì. Àwa náà wà níbí, a ń dúpẹ́. Atẹ́gùn òjò ti ṣí páànù kan lórí ilé, ewúrẹ́ Bùrẹ́ímọ̀ tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti bí ìbejì, àwọn tó ń ṣe abẹ́rẹ́ láyé ìsinsìnyí sì ti ya ọ̀lẹ, wọn kì í lu ojú rẹ̀ já dáadáa mọ́, Bùrẹ́ímọ̀ ló ń bá mi ki òwú bọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo torí ẹ̀ mú bírò. Inú ń bí mi. Lẹ́tà ni mo kọ nítorí fóònù tí o rà fún mi kò mọ àgbà, bí mo bá ti bọ́ sójú ọ̀rọ̀ báyìí, á kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ìwọ lo ní kí n lọ yẹ ojú wò, o ní àyẹ̀wò lásán ni, pé gbogbo ẹni tó bá ti dàgbà ló ń ṣe é. Mo lọ. Kí n tó padà délé, nọ́ọ̀sì ti pè ọ́, ìwọ náà sì pè mí, o ní ojú òsì mi kò ríran, kí n ti ṣọ́ọ̀bù, pé o ń gbé ọkọ̀ akẹ́rù bọ̀ ní Sátidé láti kó ẹrù mi wá sí Èkó. O ò tilẹ̀ bi mí pé màámi, kí ló ṣẹlẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ìwọ ò sì tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀.

Wá gbọ́ tẹnu mi. Mo lọ sí ilé ìwòsàn ojú tí o júwe fún mi ní Àgbàdo, mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo ra ọsàn dání fún dókítà, torí mi ò lè wọlé onílé lọ́wọ́ òfo. Ọmọdé ni dókítà náà, Olúṣẹ̀yẹ lorúkọ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, àfi ìgbà tó ní kí n gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ kan, tí ẹ̀rọ náà fẹ́ atẹ́gùn fùù sí mi lójú! Ìwọ tí mo bí, o ò dán an wò rí. Mo ní kí dókítà bá a wí, ó kàn ń rẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Ládi wá mú mi lọ síwájú páálí kan tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri. Lẹ́tà E nìkan ló kún inú rẹ̀, ńlá àti kékeré, òmíràn dojú sókè, òmíràn dojú bolẹ̀, òmíràn kẹ̀yìn sí èkejì. Mo bá wọn kẹ́dùn, mo ní kí wọ́n gba owó wọn padà lọ́wọ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ládi ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí, pé kí n máa na ọwọ́ sí ibi tí ẹnu E kọ̀ọ̀kan kọjú sí. Mo fi ọwọ́ òsì bo ojú òsì, mo ń fi ọwọ́ ọ̀tún júwe, mo júwe dé ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n sì kí mi kú iṣẹ́.

Ó wá ku ojú òsì. Ládi fúnra rẹ̀ gbé ọwọ́ ọ̀tún mi, ó fi bo ojú ọ̀tún, ó ní kí n máa fi ọwọ́ kejì júwe. Ọwọ́ kejì wo? Ọwọ́ òsì! Bẹ́ẹ̀, lókè páálí yẹn gan-an ni wọ́n gbé fọ́tò bàbá dókítà kọ́ sí, àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ nínú agbádá, òun ló kọ́ ilé náà. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ baba ẹlòmíì, nínú ilé rẹ̀, lójú ọmọ rẹ̀. Mo kọ̀. Mo pààrọ̀ ọwọ́, Ládi ní mò ń yọjú láàárín ìka. Èmi! Mo ní ó dára, màá fi ẹnu sọ ọ́. Mo sọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, mi ò kọsẹ̀. Ó ní mi ò gba ẹyọ kan, pé ohun tí mo fi ojú ọ̀tún rí lẹ́ẹ̀kan ni mò ń kà, òun sì ti yí páálí náà padà. Ó yí i padà láìsọ fún mi! Bí oníbàárà bá kó aṣọ búlúù wá, ṣé mo lè fi pupa rọ́pò rẹ̀ kí n wá máa bi í pé àwọ̀ wo ni? Ìrẹ́jẹ nìyẹn.

Wọ́n tún kán oògùn kan sí mi lójú. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ ní Ifọ̀, mo kúnlẹ̀ kí Àlhájì Mùsáfírù tó ni ṣọ́ọ̀bù wa, mo béèrè ìyàwó, mo béèrè ọmọ, kò dá mi lóhùn. Àfi bí Bùrẹ́ímọ̀ ṣe sáré wá tó ní àpò sìmẹ́ńtì ni mò ń kí. Oògùn wọn ló fà á o. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, mi ò kí sìmẹ́ńtì rí.

Bí mo bá wá ti ṣọ́ọ̀bù, kí ni mo fẹ́ máa ṣe l'Ékòó? Kí n máa jókòó sórí àga yín láti àárọ̀ dalẹ́, kí ẹ máa bi mí pé ṣé mo ti jẹun? Maṣíìnì yìí ló gbé ọ délé ìwé gíga. Ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ mi, ó ti sọ mí di arúgbó lọ́sàn-án gangan.

Ibi tí mo kọ lẹ́tà dé lánàá nìyí. Mo fẹ́ pa á dé, ọkàn mi ò jẹ́. Mo ní kí n fi hàn pé irọ́ ni Ládi ń pa. Mo fi gèlè di ojú ọ̀tún pinpin, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mò ń yọjú. Oògùn ti kúrò lójú mi, kò sí bàbá dókítà níbẹ̀. Mo wá wo fọ́tò Olúwadárasími tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì. Mo rí funfun aṣọ ìkómọ tí mo rán fún un. Mi ò rí ojú ọmọ. Mo sún mọ́ ọn, mo tún sún mọ́ ọn, títí imú mi fi kan ògiri. Àkànní, mi ò rí ojú ọmọ mi. Ẹ̀rù bà mí, mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún.

Nítorí náà, ojú òsì kò ríran, mo ti gbà. Ṣùgbọ́n ti ọwọ́ òsì, mi ò jẹ̀bi, Ládi ló yẹ kó bẹ̀ mí. Dókítà tilẹ̀ sọ pé awọ kan ló bo ẹyinjú, pé iṣẹ́ abẹ lè ká a kúrò. Ìbínú ni kò jẹ́ kí n kọ ìyẹn ṣáájú.

Máa bọ̀ ní Sátidé. Mú owó iṣẹ́ abẹ náà dání, kó má dín o. Fi ọkọ̀ akẹ́rù sílẹ̀ l'Ékòó. Bí wọ́n bá ká awọ náà tí kò ká, fúnra mi ni màá palẹ̀ ẹrù mọ́, ṣùgbọ́n bó bá ká, kí ẹnikẹ́ni má tún bá mi sọ̀rọ̀ títi ṣọ́ọ̀bù mọ́. Tún bá mi ra abẹ́rẹ́ tí ojú rẹ̀ tóbi. Mo ti bú àwọn tó ń ṣe é láìṣẹ̀, kí Ọlọ́run foríjì mí.

Ojú rẹ yóò rí ire ọmọ rẹ, ojú náà kò sì ní ṣú kó tó rí i tán. Ọ̀nà Èkó yóò máa mú ọ lọ, yóò máa mú ọ bọ̀. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Adéyẹ́misí.

Mo fẹ́ gbàgbé. Kí Kòfowórọlá gbé ọmọ náà dání. Bí ẹ bá dé, kó gbé e sí apá ọ̀tún mi.