Àádọ́wàá Ni Mo Gbà

Fẹ́yìsayọ̀ ọmọ mi,

Ṣé o jí dáadáa? Àwa nílé jí, àwọn igi kòkó náà jí, Ọlọ́run ló ni ọpẹ́. Kí ilẹ̀ Ìbàdàn má yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo ń kọ ìwé yìí, n kò bẹ tíṣà kankan, èmi tí mo dúró ní ìwé kejì tí mo sì fi àdá kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

O ní iṣẹ́ tí yunifásítì fi yín sí lásìkò ìsinmi yìí ni pé kí ìlera ará oko bá ti ará ìlú dọ́gba. Inú kọ́kọ́ bí mi, nítorí ta ló sọ fún yín pé a wà lẹ́yìn? Ṣùgbọ́n nígbà tí Salmah ọ̀rẹ́ rẹ, ọmọ Òṣogbo, gbé ẹ̀rọ tí ẹ fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru dé abúlé wa lẹ́yìn ìlú Ìwàràjà, mo ní ọjọ́ ìdánwò dé nìyẹn. Ó so aṣọ mọ́ wa lápá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pọ́ǹpù rẹ̀, ẹ̀rọ sì gbé máàkì kalẹ̀. Bọ̀wálé tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, tó máa ń tún òyìnbó mi ṣe láàárín èrò, ọgọ́fà péré ló gbà. Èmi gba àádọ́wàá. Mo ní kí Salmah tún un pè kó dún dé ẹ̀yìn, mo sì ra mínírà fún gbogbo ìjókòó.

Ojú ọmọ náà kàn faro ni. Ó ní ṣé orí kì í fọ́ mi. Mo ní orí tó ń ro nǹkan ńlá gbọ́dọ̀ máa fọ́. Ló bá ní ká máa lọ sí ọsibítù ní Iléṣà lójú ẹsẹ̀. Mo rò pé wọ́n fẹ́ fi mí han àwọn dókítà àgbà ni, mo wọ agbádá sányán mi. Dókítà ò kí mi kú oríire. Ó ní ó kù díẹ̀ kí apá kan ara mi rọ, ó fún mi lóògùn, ó sì gba iyọ̀ lẹ́nu mi. Salmah wá rọra ṣàlàyé pé nínú ìdánwò tiwọn, ẹni tí tiẹ̀ bá kéré ló yege. Bọ̀wálé gbọ́, ó wá kí mi, ó ní òun ò mọ̀ pé ọ̀run ni mo ń ṣe ìdánwò láti wọ̀.

Ẹ̀rù bà mí, má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ ní bí ẹ̀rọ náà bá lè wọn ìgbéraga ni, ì bá ti bẹ́. Láti ọjọ́ náà mò ń lo oògùn láràárọ̀, mo ń jẹ ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ bí ẹni ń jẹ ewé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá Salmah tún so apá mi, ó ti wálẹ̀ sí ogóje. Ìyá rẹ jó lójú gbogbo èèyàn, Bọ̀wálé pàápàá bọ̀ mí lọ́wọ́, mo ní kó má sùn lọ, mò ń bọ̀ wá bá a. Sọ fún àwọn olùkọ́ rẹ pé apá baba rẹ ni iṣẹ́ yín fi yọrí.

Jọ̀wọ́, nínú owó tí wọ́n ń fún yín níbi iṣẹ́ náà, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra ẹ̀rọ yẹn tèmi, kí n lè máa múra sílẹ̀ nílé. Kì í ṣe pé n kò lówó o, orí igi ló wà, kò tíì pọ́n ni.

Ọlọ́run tó fi ọ́ ṣọ́ mi láti Ìbàdàn yóò fi ọmọ rere ṣọ́ ìwọ náà dọ́jọ́ alẹ́. Ní tèmi, ogóje kò tó. Mo ti pinnu pé òdo ni mo máa gbé e dé, kí ẹnikẹ́ni má lè gba ipò kìíní lọ́wọ́ mi mọ́. Salmah ní òdo kọ́ ni àwọn ń wá o, ṣùgbọ́n ọmọ kékeré ni, kò tíì mọ Ìjẹ̀ṣà.

Èmi ni baba rẹ,
Ẹkúndayọ̀