Ilé Adìyẹ Wa Ti Wọ Oko Àna Rẹ

Agboolé Àkànó,
Ìlobù.

Malikah ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo kí ọ kú ìfaradà ooru Èkó àti ariwo jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò rẹ. Ṣé dáadáa lo wà? Àwa náà wà, Alihamudulilahi. Ìyá rẹ Mọ́ríátù kí ọ, ara rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ sì le jù ú lọ. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, kò ní fi ọ́ lé ọ̀tá lọ́wọ́.

Fídíò ilé adìyẹ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi dé. Òyìnbó inú rẹ̀ níwà, ó ti rẹ́rìn-ín sí mi kí n tó kí i. O ṣàlàyé pé ilé náà kò gbọdọ̀ ní ìsàlẹ̀, pé kí a fi igi fúyẹ́fúyẹ́ àti wáyà kàn án, kí ẹni méjì lè gbé e, kí a sì máa sún un síwájú ní àràárọ̀ kí àwọn adìyẹ lè rí koríko tuntun jẹ, kí ìgbẹ́ wọn sì di ajílẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an. Káfíńtà fẹ́ gba owó pátákó òrùlé lọ́wọ́ mi, mo ní fún kí ni, mo lọ yọ pátákó tí ẹbí wa rì mọ́ ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, èyí tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ sí pé ILẸ̀ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ, ẸBÍ ÀKÀNÓ LÓ NI ÍN. Ó bá ilé adìyẹ náà lórí mu bí fìlà.

Bí mo bá ti kírun Àsùbá tán, mo máa ń tan òyìnbó náà, mo máa ń gbé e ka orí àpáta kí ó lè máa wò wá bí èmi àti ìyá rẹ bá ń sún ilé náà, nítorí kò dára kí ènìyàn máa ṣe iṣẹ́ oníṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Dátà ni wọ́n ní ó ń jẹ. Ó ń jẹun ju gbogbo adìyẹ wa lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dìdàkudà nìyí o. O ní síwájú, o kò sọ ibi tí a ó dúró sí. Mo wo fídíò títí, òyìnbó náà ò bojú wẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ ni ilé adìyẹ ṣe kúrò lẹ́yìnkùlé wa, ó gba ẹ̀gbẹ́ kànga, ó gba pápá tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ó sọdá ọ̀nà oko, nígbà tí yóò sì fi di Jímọ̀ kan, ó ti dúró gbọn-in nínú oko àgbàdo Alhaji Hàmídù ní apá Ìfọ́n, ìyẹn bàbá Uwais tí ẹ jọ fẹ́ so yìgì.

Alhaji jáde, wọ́n ka òrùlé wa. Wọ́n tún un kà. Wọ́n pe gbogbo agboolé wọn wá kà á. Wọ́n wá ránṣẹ́ sí mi pé láti ayé bàbá àwọn ni Ìlobù ti ń wá ọgbọ́n tí yóò fi gba ilẹ̀, pé àwọn ti rí lọ́yà, àwọn ti rí awọnlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ò tíì rí ìlú tó rán adìyẹ níṣẹ́ rí. Wọ́n ní kò sí yìgì tí a ó so títí ilé náà yóò fi padà síbi tó ti wá.

Mo fẹ́ gbé e padà lójú ẹsẹ̀, àfi bí Bàbá Ṣèyítán, olórí ẹbí wa, ṣe pèpàdé. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní gbogbo owó tí ẹbí ti kó fún lọ́yà, ilẹ̀ tí ó gbà padà kò tó tẹ́ ẹní, adìyẹ lásán sì ti gba odindi oko láìná kọ́bọ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá fà á sẹ́yìn ti jẹ́wọ́ pé ilẹ̀ kì í ṣe tiwa. Àwọn tí kò ju hóró ọkà kan sí àwọn adìyẹ náà rí wá ń gbé ọkà wá, wọ́n ń pè wọ́n ní ọmọ ogun. Bàbá Ṣèyítán tilẹ̀ fi àkùkọ jẹ Balógun.

Ojú mi rí màbo. Bí mo bá fà á sẹ́yìn, mo di ọ̀dàlẹ̀ ẹbí. Bí mi ò bá fà á, ọkọ bọ́ lọ́wọ́ ọmọ mi. Mo bi òyìnbó náà, ẹ̀rín ló ń rín.

Ìyá rẹ ló dìde nínú ìpàdé. Ó bi wọ́n pé níbo ni iwájú ilé. Wọ́n ní ibi tí ilẹ̀kùn bá kọjú sí ni. Ó ní ó dáa, kí wọ́n wá bá òun yí ilẹ̀kùn kọjú sí ilé, kí a sì máa sún un síwájú bí Malikah ṣe wí. Bàbá Ṣèyítán rò ó títí, wọ́n ní òtítọ́ ni, èyí kì í ṣe ìpadàsẹ́yìn, ìlọsíwájú ni. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Àwọn àgbààgbà ká agbádá sí èjìká, wọ́n yí ilé adìyẹ po, a sì ń bọ̀ nílé, síwájú.

Mo rò pé ó parí. Òjò wá rọ̀, àgbàdo Alhaji níbi tí adìyẹ sùn sí sì dúdú minimini, ó yọ orí ju ìyókù lọ. Láàárọ̀ àná, Alhaji fúnra wọn dé ẹnu ọ̀nà mi, wọ́n ní kí ló ń lé mi, ṣé mo gbàgbé pé àna ni wá ni. Wọ́n ní kí n tún ilẹ̀kùn yí, kí ilé náà gba oko àwọn já láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọjọ́ tó bá dé poro ìkẹyìn la ó so yìgì. Mo béèrè ọ̀rọ̀ òrùlé. Wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀, kí pátákó máa wí tirẹ̀, bí ìgbẹ́ bá ṣá ti ń bọ́.

Bàbá Ṣèyítán ń yọ̀ pé Ìfọ́n túúbá. Alhaji ń yọ̀ pé Ìlobù ń bá àwọn da ajílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Nítorí náà, fi owó ránṣẹ́. Ti ọkà wà níbẹ̀. Ti ọ̀dà pupa wà níbẹ̀, torí òjò ti ń fọ orúkọ wa nù lórí òrùlé. Ti oúnjẹ òyìnbó náà ló le jù, ó ti dákẹ́ láti ìjẹta, nǹkan róbótó kan ló kàn ń yí lójú rẹ̀. Má ṣe fi owó náà sí báńkì. Nígbà tí mo lọ gba èyí tó kọjá, ọmọ tó jókòó síbẹ̀ ní kí n sọ ọjọ́ ìbí mi, mo ní èmi kọ́ ni mo bí ara mi.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o rí ohun tí yóò dá ọ padà sẹ́yìn. Bí ìpadàbọ̀ bá sì di dandan, yóò fún ọ ní ẹni tí yóò bá ọ yí ilẹ̀kùn. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Jìmọ́ Àkànó.