Ojú Mélòó ni Kí Gáàsì Ìyá Rẹ Ní?

Àkọ́bí mi, ọmọ tó gbọ́n ju bàbá rẹ̀ lọ ṣùgbọ́n tí kò lè dàgbà jù ú lọ,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun, ṣé iṣẹ́ kò pọ̀ ju agbára rẹ lọ? Bí o bá bèèrè wa, a wà bí ewúrẹ́ tó rí èèpo iṣu. Ọlọ́run tó ń bá ẹni tí kò ní ìlẹ̀kùn ṣọ́ ilé yóò máa ṣọ́ ọ. Káfíńtà tó ń tún ilé ìdáná wa ṣe ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, pẹ́ńsù etí rẹ̀ ló fi ń kọ ọ́, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé gbogbo ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, títí kan ibi tí mo bá ti bú u. N kò pè ọ́ lórí fóònù nítorí obìnrin kan ló máa ń gbé e, tí á ní o kò sí ní àrọ́wọ́tó. Èmi tí mo bí ọ kò mọ ibi tí o wà, òun mọ̀ ọ́n. Bá mi kìlọ̀ fún un.

Ọmọ mi, inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi wọ bàtà sódì láàárọ̀ yìí! Ilé ìdáná ti ń di ààfin. Wọ́n ti fọ ògiri dúdú yẹn, wọ́n ti kùn ún ní funfun báláú. Lóòótọ́, mo kọ́kọ́ ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ààrò tí bàbá mi mọ, pé àgbẹ̀ ni bàbá mi, àti oko àti ààrò ló fi sílẹ̀ fún mi. O mọ̀ mí, bí mo bá ti ní rárá, màlúù kò lè fà mí kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ní èéfín ló ń ba ojú ìyá rẹ jẹ́, pé bí kò bá kúrò nídìí iná igi, ìwọ̀nba ìríran tó kù yóò lọ. Ìyá rẹ wá ní òun kò ní wọ ilé ìdáná mọ́, pé obìnrin tí kò lè dáná nílé ara rẹ̀ ti di àlejò. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Èmi fúnra mi ni mo gbé ọkọ́, mo wó ààrò bàbá mi. Bàbá mi yóò dárí jì mí, òun náà fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀.

Àṣírí kan nìyí o, n kò kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ìyá rẹ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó bu ọṣẹ ìfọṣọ tó kúnná sínú ọbẹ̀, ó pè é ní iyọ̀. Mo jẹ ẹ́ tán. Ẹnu mi ń hó, n kò sọ̀rọ̀.

Àwòrán ẹ̀rọ ìdáná tí o fi sórí fóònù káfíńtà dé. Mo fi ọwọ́ wọ̀n wọ́n, kò sí èyí tó ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, mo bèèrè pé ìkòkò wo ni yóò jókòó lórí èyí. Káfíńtà fi ìka méjì fà á, ó sì tóbi. Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀, ká ra kékeré, nígbà tó bá délé a ó máa fà á. Àpótí tí oúnjẹ ń pòòyì nínú rẹ̀, n kò fẹ́ ẹ. Oúnjẹ tó ti mọ pípòòyì lára yóò tún máa pòòyì nínú ikùn mi. Èyí tí wọ́n gbé kọ́ sókè, tó ń fa èéfín bí àgbà ṣe ń fa aáṣáà símú, mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n mo bèèrè bóyá á máa sín, káfíńtà kò mọ̀ ọ́n.

Àfi ìgbà tó ka ọ̀rọ̀ tí o kọ sábẹ́ àwòrán, pé kí á mú nínú gáàsì olójú méjì àti olójú mẹ́rin! Mo fò sókè. Mo ní ẹ wá wo ọmọ tí mo bí! Ìyá rẹ̀ kò ríran dáadáa, ó wá ẹ̀rọ tó ń ríran fún un! Ojú kan á máa wo ìkòkò, ọ̀kan á máa wo iyọ̀, ọ̀kan á máa wo ọwọ́ ìyá rẹ kó má jó, ẹ̀kẹrin á máa ṣọ́ adìẹ lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ìyá rẹ gbọ́, kíá ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ìkòkò.

Èmi àti káfíńtà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo dúró níwájú olójú mẹ́rin, mo na ìka mẹ́ta sí i, mo bi í pé mélòó nìyí. Kò dáhùn. Mo ní bóyá ó ń sùn, wọ́n tan iná sí i, mo tún na ìka. Ọlọ́jà bi mí pé kí ni mò ń ṣe, mo ní n kì í ra ẹran láìwo ojú rẹ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ fìríìjì. Ó ní ibi tí iná ń gbà jáde ni wọ́n ń pè lójú, pé kò ríran rárá. Ojú mẹ́rin, kò sí èyí tó ríran! Káfíńtà ní kí n kúkú ra awò ojú fún un. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìwọ káfíńtà aláìnítìjú.

Mo délé, mo bá ìyá rẹ pẹ̀lú ìkòkò tó ti fọ̀ tó ń dán, ó ní ìgbà wo ni wọn ó gbé e dé. N kò lè purọ́. Mo ní ojú gáàsì kò ríran, ṣùgbọ́n mo ti rí méjì mìíràn tí yóò bá a ṣiṣẹ́. Èmi ni n ó máa jókòó tì í, tí n ó máa sọ pé iyọ̀ nìyí, ọṣẹ nìyẹn. Ó wá bi mí pé ṣé ọṣẹ ni òun fi sí ọbẹ̀ ọjọ́sí, tí mo sì jẹ ẹ́ tán? Mo ní láti ọjọ́ náà ni inú mi ti mọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, omi tí kì í ṣe ti èéfín.

Nítorí náà, olójú méjì ni a ó rà. N kò lọ sílé ìwé, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé méjì tirẹ̀ àti méjì tèmi, mẹ́rin ni. Tètè dáhùn, káfíńtà fẹ́ gé ihò rẹ̀ sórí pákó, ó sì ti ń wo ayùn bí ẹni tí ebi ń pa. Fi owó gáàsì ránṣẹ́, kí o sì fi owó àga kan sí i, èyí tó ní ẹ̀yìn, nítorí iṣẹ́ ìjókòó ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà yìí.

Iná ilé rẹ kò ní kú, èéfín rẹ kò ní pọ̀. Ẹni tí yóò jẹ ọbẹ̀ rẹ láìráhùn kò ní wọ́n ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ, ojú kẹta àti ojú kẹrin ilé ìdáná.