Àwòrán Méjì Lára Ìwé Kan

Ilinca, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní ìlú Cluj níbẹ̀? Ọkọ rẹ ńkọ́? Smaranda ọmọ rẹ ńkọ́, ìyàwó tí a fẹ́ fà fọ́kọ nígbà ìwọ́wé? Ọlọ́run àti Ìyá mímọ́ kò ní jẹ́ kí ẹ fẹsẹ̀ gbún ohun tí ẹ kò rí. Àwa náà ń dúpẹ́ nílé, àgùntàn dúdú ti bí ìbejì, àwọn igi plọ́ọ̀mù sì ti tanná. Inú ló ń bí mi díẹ̀ sí obìnrin tó ń gbé inú fóònù rẹ. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè, òun ló ń sọ pé o kò sí nítòsí. Mo kí i, mo bi í léèrè àwọn ọmọ rẹ̀, mo rán an níṣẹ́ gígùn sí ọ, àmọ́ ó dà bíi pé kò jẹ́ ẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó lẹ́tà yìí àti wàràkàṣì fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Má wo bí mo ṣe kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà, wàá rí ìdí rẹ̀.

O rántí pé mo ti ń ráhùn pé gílóòbù ayé ìsinsìnyí kò mọ́lẹ̀ mọ́, pé àwọn tó ń ṣe òwú náà ti ń ṣahun aró pupa. Nígbà òtútù, dókítà ojú wá sí gbọ̀ngàn ìlú wa, ó kán omi sí mi lójú títí gbogbo ayé fi ń dán bíi yìnyín, ó sì ya fọ́tò. Ó fi ohun rìbìtì kan hàn mí, pupa rẹ́súrẹ́sú bí òṣùpá tó ń yọ lẹ́yìn òkè, mo sì bi í pé ìgbà wo ló dé ibẹ̀. Ó ní, Màmá, ojú yín nìyẹn. Àwọn àmì yẹ́lò fọ́n káàkiri inú rẹ̀ bí èérún mamaliga, ọkà àgbàdo wa, lórí tábìlì, ni mo bá bi í pé ta ló jẹun síbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọjọ́ orí ni, pé ìdọ̀tí tí ojú kò lè gbá jáde mọ́ ni. Ó ní awọ tín-ín-rín kan wà lẹ́yìn ojú, pé àárín rẹ̀, tí kò tó ẹyọ ẹ̀wà kan, la fi ń rí ojú èèyàn, tí a fi ń kàwé, tí a fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Àárín yìí ló ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ lójú mi méjèèjì. Nǹkan kan kò ṣe etí awọ náà, nítorí náà mi ò ní wọnú òkùnkùn biribiri, màá máa rí ọ̀nà kànga, àmọ́ ohun tí mo bá tẹjú mọ́ gan-an ni yóò máa sá fún mi. Ó yà mí lẹ́nu! Àṣé ìdí nìyẹn tí mo fi ń rí fìlà àlùfáà wa àti bàtà rẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì rí bí ìgbà tí wọ́n fọwọ́ ọlọ́ràá nu gíláàsì fèrèsé. Mo ti rò pé ó ń fojú pamọ́ fún mi nítorí àbẹ́là tí mi ò rà ni. Dókítà ní kí n máa lo ewé èsìsì àti ẹ̀fọ́. Mo bi í pé ṣé ká sè é kó tó dé ojú. Ó ní ẹnu ni, Màmá, ẹnu.

Ó wá fún mi ní ìwé kan tí ìlà òró àti ìbú pín sí àpótí kéékèèké, pẹ̀lú àmì dúdú kan láàárín. Ó ní kí n di ojú kan, kí n fi ìkejì wo àmì yẹn, kí n tún pààrọ̀, lójoojúmọ́. Bí ìlà bá tẹ̀ báyìí, ó ní kí n ránṣẹ́ sí òun kíá. Ilinca, o mọ̀ pé láàárín àwa tó ń fi abẹ́rẹ́ ṣọnà, ẹnì kan kì í dá ìwé àwòrán padà lọ́wọ́ òfìfo. Ẹni tó ni ìwé ló ni aṣọ àkọ́kọ́ tí a bá rán níbẹ̀. Mo ní ó dájú pé ọkùnrin yìí ní ọmọbìnrin tó fẹ́ fà fọ́kọ, ojú ń tì í láti bẹ̀ mí ni. Dídi ojú kan, mo rò pé àṣà ìránṣọ àwọn ará ìlú ńlá ni.

Èyí tí mo fi ojú ọ̀tún wò tọ́ gbọọrọ, mo rán an. Ojú òsì náà ń rí i tààrà títí Àjíǹde fi kọjá, ni àwọn ìlà bá tẹ̀ láàárín bí ọgbà igi tí yìnyín wó lé, ohun eérú kan sì gbé àwọn àpótí ẹ̀gbẹ́ àmì yẹn mì. Ṣé o rí ọgbọ́n bí? Ìwé kan, àwòrán méjì! Màá fi ojú òsì wo ìwé, màá sì la ojú méjèèjì ránṣọ. Ohun tó tún ṣe mí ní kàyéfì ni pé bí mo bá ti la méjèèjì báyìí, ìlà inú ìwé á tún tọ́ wẹ́rẹ́. Rafila aládùúgbò wa wọlé, ó rí ìlà wíwọ́ tí mò ń rán, ó ní, Ìyá Ilinca, ṣé ọtí plọ́ọ̀mù lo ń fún abẹ́rẹ́ rẹ mu ni, ọ̀nà ọ̀mùtí rèé o. Mo ní kí ló mọ̀ nípa àwòrán àwọn dókítà. Ti pé kí n ránṣẹ́, mo gbà pé ó fẹ́ mọ̀ bí mo bá dé ibi tó le nínú iṣẹ́ náà ni. Mo ní kí n kúkú parí ẹ̀ ná.

Àná ni dókítà padà wá. Mo fi ewé efinrin sáàárín aṣọ méjèèjì, mo fún un. Ó yin èyí tó tọ́. Nígbà tó tẹ́ ìkejì, ó gbé e súnmọ́ fèrèsé. Ó bi mí pé ṣé bí mo ṣe rí i gan-an nìyẹn, mo ní òwú kan kò yẹ̀. Ó fà mí jókòó. Ó ní iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ ti hù sí abẹ́ awọ ojú òsì mi, níbi tí wọn ò níṣẹ́, wọ́n sì ń jò. Omi ọ̀hún ló ń ti awọ náà sókè bí ọ̀rinrin ṣe ń ti ẹfun kúrò lára ògiri, ló fà á tí ìlà fi tẹ̀. Ojú ọ̀tún ló ń bá a bo àṣírí nígbà tí mo bá la méjèèjì. Ó ní èyí tó ń gbẹ ń fi ọdún rìn, àmọ́ èyí tó ń jò yìí lè ba ojú jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, pé ọ̀sẹ̀ yìí náà ni kí wọ́n gún ojú ọ̀hún lábẹ́rẹ́ ní Cluj, wọn yóò sì máa tún un gún. Mo bi í pé ṣé abẹ́rẹ́ àgùntàn ni. Ó ní ó tín-ín-rín ju èyí tí mo fi ń ránṣọ lọ, wọ́n á sì fi oògùn pa ojú náà kú fúngbà díẹ̀ kó má dùn mí. Mo bi í pé ṣé àwọn àpótí tó sọnù yóò padà. Ó ní bóyá díẹ̀ nínú wọn, òun kò ní purọ́ fún mi, ohun tó bá ti kú ti kú. Mo wá bi í pé ṣé màá rí ojú Smaranda lábẹ́ ìbòrí ìyàwó. Ó ní ìdí tí òun kò fi fẹ́ ká dúró dọ̀la nìyẹn. Ó wá ní, Màmá, ẹ jọ̀ọ́, nígbà míì ẹ má rán aṣọ sí mi, iṣẹ́ ni kí ẹ rán.

Bọ́ọ̀sì Ọjọ́bọ̀ ni màá wọ̀. Fi owó ọkọ̀ rán awakọ̀ yìí, kí o sì fi ti òwú pupa lé e, nítorí apá òsì bùláòsì ìgbéyàwó tí mò ń ṣọnà sí fún Smaranda kò tíì parí, mo sì fẹ́ parí rẹ̀. Tí mo bá sọ̀kalẹ̀, jọ̀wọ́ má ṣe dúró síwájú mi gan-an, gèlè àti bàtà rẹ nìkan ni màá rí. Dúró sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, kí n má tẹjú mọ́ ọ, kí n lè rí ojú ọmọ mi.

Ọlọ́run yóò mú ọ̀nà yín tọ́ gbọọrọ, bí ẹ bá la ojú méjèèjì, àti bí ẹ bá di ọ̀kan.

Èmi ni ìyá rẹ,
Saveta