Rọ́bà ni kó o Rà, Kì í Ṣe Ike

Ọkọ mi, ọmọ ọmọ mi,

Télọ̀ tó háyà yàrá iwájú ilé wa ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ti sọ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó kọ ọ́, kó má bá mi gé e, kó má bá mi rán an. Ṣé ara rẹ le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé ilé alájà púpọ̀ tí o ń gbé kò tíì wó? Ilé tí èèyàn ń sùn lórí èèyàn, mi ò fọkàn tán an. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹni tó wà lókè rẹ já lù ọ́.

Àwa náà ń mí. Ewúrẹ́ tó bí ìbejì ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ náà ti tẹ̀ lé e, òrùlé yàrá mi sì tún ti ń jò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo tìtorí ẹ̀ pe télọ̀ kúrò nídìí ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ ike tí o fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ ni, èyí tí o ní kó tẹ́ sí ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù. O ṣeun, o kú ìnáwó, ṣùgbọ́n ike náà ti ba iṣẹ́ bàbá rẹ jẹ́.

Ìwọ náà mọ bó ṣe ń ṣe é. Bó bá kan pósí tán, fúnra rẹ̀ ló ń gbé e lọ sí itẹ́ òkú, kì í sì í so ó mọ́lẹ̀. Bàbá bàbá rẹ tó kọ́ ọ níṣẹ́ káfíńtà ló sọ fún un pé a kì í de òkú bí ewúrẹ́. Pósí sì gùn ju ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kì í lè padé. Láti ọjọ́ pípẹ́ wá, irin ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ti dípẹtà yẹn ló ń di igi mú. Ó rí gbágungbàgun, ó ń họ ìdí pósí, àmọ́ kò sí òkú tó já bọ́ rí. Ìgbà tí ìpẹtà wá fẹ́ lu ẹ̀yìn ọkọ̀ já, lo ní wàá ra ohun ìtẹ́ fún un, o sì ra ike. Ike dúdú tó ń dán bí orí apárí.

Òkú àkọ́kọ́ tó gun ike náà ni bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nígbà ayé rẹ̀. Gbogbo wa ń tẹ̀ lé ọkọ̀, à ń gun òkè itẹ́ òkú lọ, ni pósí bá yọ̀ wọ̀ọ̀, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì kọrí sí ìsàlẹ̀. Àwa tí à ń tẹ̀ lé òkú wá ń sá fún òkú. Iwájú ṣọ́ọ̀bù bábà ló ti dúró. Ọkùnrin tí bábà ń fá lórí lọ́wọ́ bẹ́ jáde, ó gbé orí alábọ̀ sá lọ, a ò sì tíì rí i kó padà wá fá ìyókù. Ọ̀rọ̀ náà pa àwọn kan lẹ́rìn-ín, àmọ́ ìyàwó olóògbé kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú títì, ó ní ọkọ òun ò tíì fẹ́ lọ, pé kí wọ́n gbé e padà wálé. Mo ní òkú kì í yí ọkàn padà, pé ike ló ń yọ̀.

Látìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò kanlẹ̀kùn bàbá rẹ mọ́. Wọ́n ní òkú ń kọ ọkọ̀ rẹ̀. Ọlọ́kọ̀ onígíláàsì tó ń gbé òkú ní ìlú kejì ni wọ́n ń lọ bẹ̀. Bàbá rẹ á jókòó sórí pákó láti àárọ̀, á máa fọwọ́ pa ayùn tí kò fi gé nǹkan kan. Òun fúnra rẹ̀ ti ń gbà pé ọwọ́ òun ló burú. Èmi ni mo bí i. Kò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ láti kékeré, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ dára.

Mo wá ní kí n fojú ara mi rí i. Mo gun ẹ̀yìn ọkọ̀, mo jókòó sórí ike, mo na ẹsẹ̀, mo ní kí bàbá rẹ wà mí gun òkè náà. Ó ní òun ò ṣe. Mo bi í pé nínú èmi àti òun, ta ló bí ẹnì kejì. A ò tíì dé ìdajì òkè tí mo ti ń lọ sẹ́yìn bí ọṣẹ. Ìyàwó bábà ló sáré rọ̀ mọ́ mi. Ìdí mi ṣì ń dùn mí, àwọn aládùúgbò sì ń sọ pé orí mi ti dàrú, àmọ́ mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ mọ̀.

Bàbá rẹ fi àwòrán àwọn ohun ìtẹ́ yòókù hàn mí nínú fóònù, télọ̀ sì ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ wọn. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀dà tí wọ́n ń fín mọ́ irin. Kì í yọ̀, àmọ́ bó bá gbẹ, á rí ṣákaṣàka bíi pépà tí káfíńtà fi ń ha igi. Bàbá rẹ tó máa ń fi odidi ọjọ́ kun pósí kó lè dán, ṣé á wá gbé e lé ohun tó máa họ ọ́? Ìkejì ni rọ́bà tó nípọn, tó ní kókó wẹ́wẹ́ lára bí awọ ọ̀pọ̀lọ́, tí wọ́n ń tẹ́ bí ẹní, tí èèyàn lè ká kúrò kó fọ abẹ́ rẹ̀, kí ìpẹtà má bàa jẹ ọkọ̀ níkọ̀kọ̀. Èyí ni mo fẹ́. Mo béèrè iye rẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin tó wà nínú àwòrán náà, ó kàn ń rẹ́rìn-ín sí mi ni. Kò mọ ọjà tà. Wọ́n tún to ìràwọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé òru ni wọ́n ń tà á, má lọ, dúró kí ilẹ̀ mọ́. Télọ̀ ní àwọn tó ṣe é fọwọ́ sọ̀yà pé títí ayé ni yóò máa wà. Bá mi bi wọ́n pé ayé ta ni. Bó bá jẹ́ ayé tèmi ni, kí wọ́n dín owó rẹ̀ kù.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ rèé. Mo lọ sí ọsibítù nítorí ikùn mi tó ń wú. Dókítà wo inú ẹ̀rọ, ó wò mí, ó tún wo inú ẹ̀rọ, ó wá ń bi mí bóyá mo ní ọmọ tí òun lè bá sọ̀rọ̀. Mo ní kó bá mi sọ ọ́, èmi ni mo ni ikùn. Ó sì sọ ọ́. Kò ní pẹ́. Mi ò fẹ́ ẹkún lórí fóònù o. Mo ti rí ohun tí mo fẹ́ rí láyé, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ tí mi ò fẹ́ rí. Ohun kan ṣoṣo ni mo kọ̀. Mi ò ní gun ọkọ̀ onígíláàsì. Èèyàn kì í bí káfíńtà kó wá fi ọkọ̀ ẹlòmíì relé. Bàbá rẹ ni yóò gbé mi, láìfi okùn dè mí, lójú gbogbo àdúgbò, màá sì dúró sójú kan títí a ó fi dé òkè. Ìgbà náà ni wọ́n á mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ kò burú.

Nítorí náà, ra rọ́bà, kí o sì fi owó pákó kún un, pákó tó dáa. Má fi owó náà sínú fóònù bàbá rẹ, ojú fóònù náà ti sán, mi ò mọ ibi tí owó lè jò gbà. Fi rán awakọ̀ tó bá ń bọ̀ níbí. Wàá jẹ èrè iṣẹ́ rẹ. Ilẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ọmọ rẹ ni yóò sin ọ́, ìwọ kọ́ ni yóò sin ọmọ.

Tó o bá ka èyí tán, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ obìnrin ni kó o kọ́kọ́ sọ fún, torí ó mọ ẹnu pa mọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, sọ fún ìyàwó rẹ. Télọ̀ ti mọ̀ báyìí, ó ń fi apá aṣọ nu ojú, mo sì ti ní kó má jẹ́ kó kán sórí pépà. Bàbá rẹ ni kẹ́yìn. Kó kọ́kọ́ tẹ́ rọ́bà náà, kó gé etí rẹ̀ bó ṣe yẹ, kó fi pósí òfìfo dán an wò lórí òkè. Bó bá mọ ẹni tó ń tẹ́ ẹ dè, kò ní gé e tọ́. Jẹ́ kó parí rẹ̀ ná.