Obìnrin Tó Ń Sunkún Lẹ́bàá Ilé

Ajé, 3 March

Ṣé àánú ni kéèyàn fi ikú ìyá pa mọ́ fún ọmọ rẹ̀, àbí olè jíjà? Aago méjì òru ti kọjá. Oorun ò kùn mí.

Mọ́mì Akúrẹ́, ìyá ìyàwó mi, kú ní Ọjọ́bọ̀. Alága ló pè mí — Olúṣẹ́gun, ẹ̀gbọ́n Dóyin ìyàwó mi. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Alága nínú ọkàn mi, torí àṣẹ nìkan ló máa ń pa. Ó ní nílé lọ́dọ̀ wọn ní Akúrẹ́, a kì í túfọ̀ òkú fún aboyún. "Kò gbọdọ̀ gbọ́ títí tó fi máa bí. Ṣé o mọ̀ pé BP ẹ̀ ga?" Mo mọ̀. Oyún oṣù mẹ́jọ. Mo ní ó dáa.

Mi ò sunkún. Mo lọ kó snow kúrò níwájú garage.

Ìṣẹ́gun, 4 March

Voice note kan ni Dóyin ń fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ láràárọ̀. Fóònù ìyá náà wà lọ́wọ́ Alága. Ó ń tẹ èsì bí ẹni pé ìyá ni: ọ̀fun ń dun òun, òun ò lè sọ̀rọ̀. Tí ò bá mọ ohun tó máa tẹ̀, á bi mí. Mo ń kọ ọ́ fún un.

Ọjọ́bọ̀, 6 March

Ìyáàfin Ìbéèrè — Inúolúwa, ọmọ wa, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án — mú iṣẹ́ school wálé. Ìtàn àtijọ́ àwọn ará Ireland. Ó yan banshee. Obìnrin abàmì, irun gígùn, tó máa ń wá sunkún lẹ́bàá ilé tí ẹnì kan ti fẹ́ kú. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Àwọn kan ní ó máa ń bá ìdílé rẹ̀ sọdá òkun.

Mo ti ka irú ìtàn yìí púpọ̀, mi ò gba ọ̀kan gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ni banshee tiwa? Àwa tá a ń sọ pé ọ̀fun ló ń dùn ún?

Mo sọ fún ọmọ pé ẹ̀rù obìnrin náà máa ń ba àwọn èèyàn. "But she's not killing anybody, Daddy. She's just sad first." Dóyin rẹ́rìn-ín láti kitchen: "Daddy Inú, ẹ dáhùn o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ka gbogbo ìwé tán."

Mo ní kí ọmọ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú iṣẹ́ rẹ̀.

Àìkú, 9 March

Dóyin ní kí ìjọ bá òun gbàdúrà fún ọ̀fun ìyá òun. Pastor Akínbọ̀dé mọ̀. Alága ti pè é. Pastor dijú, ó gbàdúrà. Gbogbo wa ṣe àmín. Èmi náà.

Ọjọ́rú, 12 March

Chinook, atẹ́gùn gbígbóná ìlú òyìnbó tá a wà yìí, ti yọ́ gbogbo snow. Kò sí nǹkan tó ń ṣe mí.

Ẹtì, 14 March

Dóyin ní kí ìyá òun fún ọmọ inú òun lórúkọ. Alága: "Wá orúkọ fún mi kíá, kí n tẹ̀ ẹ́."

Mo kọ Àdúràgbèmí. Mo pa á rẹ́. Mofìyìnfólúwa. Mo pa á rẹ́. Orúkọ dáadáa ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ọmọ náà á máa jẹ́ irọ́ mi títí ayé.

Mo ní mi ò ṣe mọ́. Alága pè, ó ń jágbe: "Tí nǹkan bá ṣe é, ọrùn ẹ ló wà o!" Mo ní ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo pe nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú oyún rẹ̀, mo ní mo fẹ́ sọ fún Dóyin. Ó ní kí n jẹ́ kó jókòó, kí n wọn BP rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Àbámẹ́ta, 15 March

Dóyin jí ní aago mẹ́rin. Mo ní kó jókòó. Mo sọ fún un.

Kò pariwo. Ó bi mí ọjọ́ wo. Ó mú fóònù, ó ń ka iye voice note tó ti fi ránṣẹ́ látìgbà náà. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ní, ta ló wá ń tẹ àmín sí àdúrà òun látorí fóònù ìyá òun? Mo ní èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ó na fóònù sí mi. "Ẹ ka àwọn tiyín fún mi."

Mo kà wọ́n. Ibi tí mo ti kọ pé, "Má gbé nǹkan tó wúwo, ọmọ mi," ibẹ̀ ni ẹkún rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní kó dákẹ́. Ó ní kí n máa kà á lọ.

BP: 148/92. Nọ́ọ̀sì ní ká máa bọ̀ ní ilé ìwòsàn ní aago mẹ́jọ. Dóyin ti lọ sùn ti Inúolúwa. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ míì.

Ilẹ̀ ti mọ́. Mo pa iná.