Ẹ Má Jẹ́ Kí Kọ́lá Gbá Ewé Orí Òkè

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Mo dọ̀bálẹ̀ láti ìlú Forest Park nílẹ̀ òyìnbó níbí. Mo kí Màmá, mo kí Àbẹ̀kẹ́ àbúrò mi, mo kí Kọ́lá àbúrò mi náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ń dùn mí. Ẹ mọ̀ pé n kò mọ̀wé. Ìyàwó mi ló ń kọ ohun tí mo ń sọ, mo sì ti ní kó má fi iyọ̀ sí i.

Ẹ ní lórí fóònù pé ẹ ti fún Kọ́lá ní oko orí òkè, torí pé ó ń gbá abẹ́ igi ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Bàbá, èmi ni àkọ́bí yín! Oṣù kan ni mi ò fi pè yín. Iṣẹ́ kọ́ ló dí mi lọ́wọ́, owú ni.

Ṣáájú ìgbà yẹn, ọ̀gá wa kó wa lọ sí apá àríwá, níbi tí omi ti ń dì bí òkúta, ká lọ tún àyíká ilé kan ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè tó kún fún igi. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ní ká gbá. Èmi ọmọ àgbẹ̀ rí ewé tó bo abẹ́ igi, ara mi ò gbà á. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé oko ọ̀lẹ ni ewé ń bò. Mo gbá gbogbo rẹ̀. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ tẹ́ ẹní síbẹ̀ ni.

Nígbà tá a padà lọ lẹ́yìn tí yìnyín tó bo ilẹ̀ nígbà òtútù yọ́, gbòǹgbò igi ti yọ síta bí egungun ìhà, erùpẹ̀ dúdú sì ti ya bo ọ̀nà. Ìyá arúgbó tó ni ilé náà bèèrè pé ta ló bọ́ aṣọ lára ilẹ̀ òun. Mo ní èmi ni. Ó ní nígbà tí yìnyín ń yọ́, inú ilẹ̀ ṣì dì, ó le koko, omi ò ríbi wọlé, ewé yẹn ló yẹ kó dá a dúró. Ó tún bi mí pé ṣé bá a ṣe ń dáko nílé wa nìyẹn. Mo jowú òun náà: ẹni tí kò kọ ebè rí mọ ilẹ̀ jù mí lọ.

Òjò tiwa le ju yìnyín lọ. Mo mọ ohun tó ń bọ̀ wá bá Kọ́lá, mo sì dákẹ́. Mo fẹ́ kí àgbàrá gbé oko náà lọ, kí ẹ lè kábàámọ̀ pé ẹ kò fún mi. Ìyàwó mi ò fẹ́ kọ èyí sílẹ̀, mo ní kó kọ ọ́.

Mo mọ̀ pé ẹ máa jiyàn. Orí kunkun yín ni mo jogún. Ṣùgbọ́n kí òjò tó dé, ẹ sọ fún Kọ́lá kó fi ewé sílẹ̀ lábẹ́ igi, kó má sì sun ún. Mo ṣì ń jowú o.

Kí Ọlọ́run fi ẹ̀mí gígùn àti ìlera kẹ́ yín. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà. Tí ẹ bá sì ń sọ ọ́ fún Kọ́lá, ẹ má sọ pé ẹ̀yin lẹ rò ó o. Ẹ sọ pé èmi ni.

Ọmọ yín àgbà,
Adéọlá